Ká Wọn Ògiri Ká Tó Ra Ẹ̀rọ

Ẹni tó fẹ́ ra projector sí pálọ̀ ní Ìsúndúnrin, ògiri àti ilẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wọ̀n. Nọ́ńbà kan wà nínú ìwé ẹ̀rọ náà, bíi 1.5. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé tí ẹ bá gbé e jìnnà sógiri ní mítà 3, àwòrán yín á fẹ̀ ní mítà 2. Pálọ̀ tí kò gùn tó bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ irú èyí tí ń tàn láti ìtòsí, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré.

*

"Íńṣì 100!" ni ọlọ́jà ń pariwo. Láti igun òkè dé igun ìsàlẹ̀ lódìkejì ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Fífẹ̀ rẹ̀ ò ju bíi mítà 2.2 lọ.

*

Bí ẹ bá sún ẹ̀rọ sẹ́yìn ní ìlọ́po méjì, fífẹ̀ àti gíga àwòrán á di ìlọ́po méjì, ìmọ́lẹ̀ tó ń bà lé ojú kan á sì ku ìdá kan nínú mẹ́rin. Àwòrán kékeré tó mọ́ kedere tẹ́ mi lọ́rùn ju ràgàjì tó ṣú lọ.

*

Alẹ́ ọjọ́ 11 oṣù Kejì, 2024, Nàìjíríà àti Ivory Coast gbá àṣekágbá ife Áfíríkà l'Abidjan. Ní agbègbè Èjìgbò tí Ìsúndúnrin wà yìí, níbi tí ọ̀pọ̀ ilé ti ní ẹbí l'Abidjan, ta lèèyàn fẹ́ gbè lẹ́yìn? Troost-Ekong ló kọ́kọ́ forí gbá bọ́ọ̀lù wọlé fún wa. 2-1 ni wọ́n fi nà wá nígbẹ̀yìn. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ wa ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ìyẹn sì dára fún àwọn tó ń fi projector gbowó lọ́wọ́ òǹwòran. Ká ní ọ̀sán ni, tí oòrùn ń gba ojú fèrèsé wọlé, a kì bá tí rí bọ́ọ̀lù ọ̀hún rárá.

*

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìwé gbé imú ẹ̀rọ sókè. Àwòrán á fẹ̀ lókè, á fún nísàlẹ̀. Bọ́tìnnì tó ń tún un ṣe wà lóòótọ́, àmọ́ ó ń gé nínú dídán àwòrán náà. Tábìlì tí ẹ̀rọ á ti kọjú sógiri tààrà ló sàn, tàbí kí ẹ kàn án mọ́ àjà soríkodò.

*

Bí NEPA bá mú iná lójijì, fáànù inú ẹ̀rọ á dúró nígbà tí gílóòbù ṣì ń gbóná janjan; ìyẹn ló ń tètè ba àwọn ẹ̀rọ tó ń lo gílóòbù jẹ́. Ọyẹ́ náà ò ṣeé fojú di. Eruku rẹ̀ ń dí ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, ẹ máa ṣí i gbọ̀n.