Ògiri Tí Ń Rántí

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ìlú Guatapé, ní ìpínlẹ̀ Antioquia ní orílẹ̀-èdè Kòlómbíà, ilé ni à ń wò kí a tó mọ iṣẹ́ tí onílé ń ṣe, ohun tí ó fẹ́ràn, àti ohun tí kò fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ gbàgbé.

Láti Medellín dé ibẹ̀ tó nǹkan bí 80 kìlómítà. Nígbà tí àlejò kan sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kò mọ èyí tí ì bá kọ́kọ́ wò. Àwọ̀ pupa ń dán níhìn-ín, àwọ̀ ewé ń tàn lọ́hùn-ún. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ń gbé èrò pàápàá kò gbẹ́yìn nínú ọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ògiri ni ẹwà ìlú náà pọ̀ sí jù. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì mọ àwòrán tí ó yọ síta lára ilé, tí wọ́n sì fi oríṣiríṣi ọ̀dà kùn ún. Zócalo ni wọ́n ń pè é. Òmíràn jẹ́ òdòdó, òmíràn jẹ́ àgùntàn, òmíràn jẹ́ àgbẹ̀ pẹ̀lú ìbaaka rẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò a sì máa ya ohun tí wọ́n ń tà sí ara ilé wọn, tí ẹni tí kò mọ̀wé kà yóò fi mọ ibi tí ó yẹ kí òun yà sí.

Kì í ṣe fáàrí ni ó kọ́kọ́ bí iṣẹ́ yìí. Òjò a máa ta sí ìsàlẹ̀ ògiri, a sì máa jẹ ẹ́; adìyẹ pẹ̀lú a máa fi ẹnu ṣá a. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń rẹ́ ibẹ̀ kí ó nípọn, kí ilé lè pẹ́. José María Parra Jiménez ni wọ́n sọ pé ó kọ́kọ́ sọ ààbò yìí di ọ̀ṣọ́, ní nǹkan bí ọdún 1919, àwọn ará ìlú sì tẹ̀lé e.

Ní ìtòsí òpópónà tí wọ́n ń pè ní Calle del Recuerdo, èyí tí ó túmọ̀ sí Òpópónà Ìrántí, àlejò náà bá ìyá àgbà kan tí ó jókòó lórí àpótí, tí ó ń tún ọ̀dà kùn sí ara ògiri rẹ̀. Ilé kékeré kan ni ó wà nínú àwòrán náà, pẹ̀lú igi ọsàn kan níwájú rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ilé ta ni èyí?"

"Ilé baba mi ni, ọmọ mi."

"Níbo ni ó wà?"

Ìyá náà fi búrọ́ọ̀ṣì tọ́ka sí ìhà adágún. "Abẹ́ omi ni ó wà."

Adágún tí ó mú ìlú náà gbayì yìí, ọwọ́ ènìyàn ni ó ṣe é. Wọ́n sé odò Nare kí wọ́n lè fi omi rẹ̀ ṣe iná mànàmáná. Nígbà tí ó di ọdún 1978, omi bo ìlú El Peñol àtijọ́ mọ́lẹ̀, àti oko àwọn ènìyàn pẹ̀lú. Wọ́n kọ́ ìlú tuntun fún àwọn ará El Peñol. Àgbélébùú kan sì dúró lójú omi láti fi ibi tí ìlú àtijọ́ wà hàn.

Ìyá náà ní, "Wọ́n fún wa ní ilé mìíràn, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé àgbàlá baba mi wá? Àwọn ọmọ ọmọ mi ń lúwẹ̀ẹ́ lórí rẹ̀. Bí n kò bá ya á sí ara ògiri, wọn yóò rò pé láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ayé ni omi ti wà níbẹ̀."

Ní ọ̀sán, àlejò náà lọ gun àpáta ńlá tí ó wà láàárín ìlú méjèèjì, tí gíga rẹ̀ tó 200 mítà. Ní ọdún 1954, Luis Eduardo Villegas àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì fi ọjọ́ márùn-ún gùn ún. Lónìí, àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600 ni ó ń gbé ènìyàn dé orí rẹ̀. Lára àpáta náà ni lẹ́tà funfun gàgàrà wà: G kan tí ó pé, àti U kan tí kò parí. Àwọn ará Guatapé ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ ìlú wọn síbẹ̀. Àwọn ará El Peñol, tí wọ́n ní tiwọn ni àpáta, kò jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ tán.

Nígbà tí àlejò kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn náà, ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ó ti wo omi láti orí òkè, tí ó sì rántí ìyá àgbà náà, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tí omi ti gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀, báwo ni yóò ṣe gbà kí ọ̀dà tún gba àpáta mọ́ ọn lọ́wọ́?

Nígbà tí ó padà sí ìlú, ilẹ̀ ti ń ṣú. Àwọn arìnrìnàjò ń ya fọ́tò lẹ́bàá ògiri, inú wọn sì ń dùn. Ọ̀dà ti gbẹ lára ògiri ìyá náà. Igi ọsàn rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Iná ń tàn lójú fèrèsé, irú iná tí wọ́n torí rẹ̀ sé odò.

Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Níbi tí omi ti bo orísun mọ́lẹ̀, ọwọ́ ẹni tí ó mú búrọ́ọ̀ṣì ni ìrántí kù sí. Bí ọ̀dà bá sì ti ń ṣí, ó di dandan kí ọmọ gbà á lọ́wọ́ ìyá kí ó tún un kùn.