Fírísà Tí Kì í Sọ Nǹkan Di Yìnyín

Tí ẹ bá ní kí ọmọ Amẹ́ríkà kan ya keg fún yín, àgbá irin tó ń dán ni yóò yà. Tí ẹ bá rán ọmọdé kan ní Ìlúà pé kó lọ gbé kẹ́ẹ̀gì wá, kẹ́ẹ̀gì oníke tó ń gba lítà 25 ni yóò gbé dé, èyí tí wọ́n fi ń ra epo pupa tàbí tí wọ́n fi ń pọnmi. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ohun èlò méjì ni. Ohun tí a ṣe sínú ilé wa wà láàárín méjèèjì: fírísà alápótí kan tí a yí padà kó lè máa tọ́jú kẹ́ẹ̀gì ọtí ìbílẹ̀ sínú òtútù, tí ọtí náà á sì máa gba ẹnu ẹ̀rọ jáde sínú igbá.

Àwa ọmọ ìyá mẹ́ta la ṣe é. Ọ̀kan nínú wa, ẹni tó ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí, kàwé kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, sọ́fítíwíà ló sì fi ń jẹun. Ìkejì ń tún fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ní Ìsẹ́yìn. Ìkẹta, àbúrò wa obìnrin, wà nílé ní Ìlúà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kájọlà, ó ń bá Màmá wa tajà.

Màmá ni wọ́n ń pọn ọtí náà. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni, ọtí àgbàdo. Tí ọkà bàbà bá pọ̀ lọ́jà, wọ́n á fi bàbà pọn tiwọn. Owó ọtí yìí wà lára ohun tó rán wa níwèé, títí kan ìwé kọ̀ǹpútà.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kìíní, ó dùn bí omi ìrèké. Lọ́jọ́ kejì, ó ti gbó, ó ń ta lẹ́nu, ó sì ń wọni lára díẹ̀díẹ̀. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta nínú ooru ilẹ̀ ọ̀dàn wa yìí, ó ti kan. Ọtí kíkan inú Bíbélì gan-an ló ń lọ dà. Bí òjò bá rọ̀ lọ́jọ́ ọjà, tàbí tí òkú tí wọ́n tìtorí rẹ̀ bẹ̀ wọ́n lọ́tí bá yẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ìdajì ìkòkò ni Màmá máa dà sẹ́yìn ilé. Bí owó àgbàdo sì ṣe rí láti bí ọdún mélòó kan, ìdajì ìkòkò kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré mọ́. Ní ìparí ọdún tó kọjá, wọ́n pè wá jọ, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

"Mi ò lè máa fowó ra àgbàdo kí n tún máa fọwọ́ ara mi dà á nù," bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn.

Àwọn aládùúgbò ní ó dára bẹ́ẹ̀, pé Màmá ti lé ní àádọ́rin ọdún, kí wọ́n sinmi. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnìkan nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó lè dá pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Ọjọ́ tí Màmá bá dá iṣẹ́ náà dúró, ó tán nílé wa nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká sọ bí wọ́n ṣe ń pọn ọ́n, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ fírísà ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á rẹ àgbàdo sómi fún ọjọ́ méjì, wọ́n á da omi rẹ̀ nù, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí ewé, wọ́n á sì fi ewé bò ó kó lè hù. Nígbà tí hóró àgbàdo bá ń hù, ara rẹ̀ máa ń pèsè ohun tó ń sọ sítáàṣì inú rẹ̀ di ṣúgà. Tó bá hù tán, wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á pò ó mọ́ omi, wọ́n á sè é fún ọ̀pọ̀ wákàtí, wọ́n á sẹ́ ẹ. Tó bá ti tutù, wọ́n á bu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí ti tẹ́lẹ̀ sí i. Inú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn ni ìwúkàrà wà. Ìwúkàrà á jẹ ṣúgà, á sì sọ ọ́ di ohun méjì: ọtí àti afẹ́fẹ́ carbon dioxide, tí ìwúwo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Àwọn kòkòrò mìíràn tí ojú lásán kò lè rí náà wà níbẹ̀, àwọn ló ń mú un kan. Louis Pasteur, ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ odidi ìwé kan lórí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ nínú bíà ní ọdún 1876. Ooru ni gbogbo wọn fẹ́. Òtútù kì í pa wọ́n, ó kàn ń jẹ́ kí wọ́n máa wọ́ ẹsẹ̀ ni.

Ìdí nìyí tí àwọn apọntí fi wà lára àwọn tó kọ́kọ́ náwó sórí ẹ̀rọ òtútù láyé. Ní àwọn ọdún 1870, ilé ìpọntí Spaten ní Munich, ní Jámánì, ti ń lo ẹ̀rọ tí Carl von Linde ṣe. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà kí èèyàn pọn bíà sílé ara rẹ̀ títí di oṣù kẹwàá ọdún 1978, nígbà tí Ààrẹ Jimmy Carter fọwọ́ sí òfin tó ṣí ọ̀nà náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ó di eré ọwọ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn níbẹ̀, tí wọ́n sì ń yí fírísà ilé wọn padà fún un. Lọ́dọ̀ wọn, fàájì ni. Lọ́dọ̀ wa, iṣẹ́ obìnrin ni, oúnjẹ ọmọ ló sì wà nídìí rẹ̀. Kì í sì í ṣe iṣẹ́ yẹpẹrẹ rárá. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà fòfin de kíkó málítì ọkà báálì wọ̀lú ní 1988, ọkà bàbà àti àgbàdo ni àwọn ilé iṣẹ́ bíà ńláńlá yíjú sí. Ohun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi sáyẹ́ǹsì wá nígbà náà, àwọn ìyá wa ti ń tẹ́ ẹ sórí ewé tipẹ́.

Ọwọ́ obìnrin kan tó ń ta òkú Èkó la ti ra fírísà náà. Gáàsì inú rẹ̀ ti jò tán. Ìkejì wa dí ibi tó ń jò, ó rọ gáàsì tuntun sí i, ọjọ́ mẹ́rin gbáko la sì fi fọ òórùn ẹja kúrò lára rẹ̀. Ẹ lè bi wá pé kí ló dé tó jẹ́ alápótí la wá. Afẹ́fẹ́ tútù wúwo ju afẹ́fẹ́ gbígbóná lọ. Tí ẹ bá ṣí ìlẹ̀kùn fíríìjì onídùúró, òtútù á dà sílẹ̀ bí omi. Tí ẹ bá ṣí ìdérí alápótí, òtútù á jókòó jẹ́ẹ́ sínú rẹ̀.

Ẹ má lu ihò sí ara fírísà o. Inú ògiri rẹ̀ ni ọ̀pá gáàsì ti ń yí kiri, ihò kan péré sì lè pa á pátápátá. Ohun tí a ṣe ni pé a ní kí káfíńtà bá wa fi pákó kan férémù onígun mẹ́rin tó bá ẹnu fírísà mu. A tú ìdérí kúrò, a gbé férémù lé ẹnu àpótí náà, a fi rọ́bà dí etí rẹ̀ yíká kí òtútù má bàa máa jò, a wá de ìdérí mọ́ orí férémù. Ara pákó yẹn la lu ihò ẹnu ẹ̀rọ sí. Lọ́jọ́ tí a ò bá fẹ́ ẹ mọ́, a máa gbé pákó kúrò, fírísà á sì padà di fírísà. A tún ní kí káfíńtà má jẹ́ kó ga, torí Màmá gbọ́dọ̀ lè nawọ́ dé inú rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì tó kún wúwo tó kílò 25, kò sí bí wọ́n ṣe máa gbé e. Inú fírísà ni kẹ́ẹ̀gì ń gbé, àrọ ni wọ́n á fi rọ ọtí sí i.

Ó wá ku ọpọlọ rẹ̀. Fírísà kò mọ̀ ju kó sọ nǹkan di yìnyín lọ. Nǹkan bíi dígírì 18 sísàlẹ̀ òdo ni wọ́n ṣe é fún. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tó bá dì á wú, á sì fa kẹ́ẹ̀gì ya. A gbọ́dọ̀ wà láàárín. Wọ́n ń ta àpótí kékeré tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n àwa lo Arduino, sensor DS18B20 kan àti relay. Kóòdù rẹ̀ kò tó ogójì ìlà. Ohun tó ń sọ kò ju èyí lọ: bí inú bá gbóná ju dígírì 7 lọ, tan án; bó bá tutù dé dígírì 4, pa á; láàárín méjèèjì, má ṣe nǹkan kan. Gbólóhùn kẹta yẹn ni baba. Bí a bá ní kó máa tàn kó sì máa kú lójú dígírì kan náà, á máa kú á máa jí ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú títí compressor á fi jó. A tún fi kún un pé tó bá ti kú, kó sinmi ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó tún tàn, kí gáàsì inú ọ̀pá lè fara balẹ̀. Ìkejì wa ló sọ ìyẹn. Kò sí nínú ìwé kọ̀ǹpútà kankan tí a kà.

Ní ti iná, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń ṣe. Àmọ́ fírísà tó ń wá dígírì 4 kì í jẹ iná tó èyí tó ń wá 18 sísàlẹ̀ òdo. Gbogbo àlàfo tó wà láàárín àwọn kẹ́ẹ̀gì, omi inú ọ̀rá la kó sí i. Tí iná bá wà, omi náà á gba òtútù sára. Tí iná bá lọ, á máa ná an díẹ̀díẹ̀. Bátìrì ni, bátìrì olówó pọ́ọ́kú. Ẹni tó bá ti bu omi mu láti inú àmù lọ́sàn-án gangan mọ̀ pé ọ̀nà àtitọ́jú òtútù kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé Yorùbá.

Ẹnu ẹ̀rọ wà lókè, ọtí wà nísàlẹ̀, ọtí kì í sì í dá gòkè. Carbon dioxide inú sílíńdà ni àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń tì í. Àwa lo pọ́ǹpù kékeré tí wọ́n ń fi fa omi inú ike ńlá, èyí tí wọ́n ń ṣáàjì bíi fóònù. Kẹ́ẹ̀gì tuntun la rà, kò sí èyí tó fojú kan bẹntiróò rí níbẹ̀. A kì í dé wọn pinpin, torí ọtí tó ṣì ń hó nínú ohun tí a dé pa lè bú gbàmù. Omi máa ń sun sí ìsàlẹ̀ fírísà náà, àkísà kan sì wà nítòsí tí a fi ń nù ún kó má dípẹtà.

Kẹ́ẹ̀gì méjì ló wà níbẹ̀. Ìkejì wa jẹ́ Mùsùlùmí. Ó ní òun á tún ẹ̀rọ ìyá òun ṣe, ṣùgbọ́n òun ò ní fọwọ́ kan ọtí. Nítorí náà ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ wà nínú kẹ́ẹ̀gì kan, zobo wà nínú ìkejì. Lọ́sàn-án tí oòrùn bá mú, zobo yẹn máa ń tà ju ọtí lọ.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, ìbéèrè kan ṣẹ́ kù tí kóòdù kò lè dáhùn: ìgbà wo gan-an ni ká rọ ọtí sínú òtútù? Tó bá yá jù, adùn ọmọdé ló máa wà lẹ́nu rẹ̀. Tó bá pẹ́ jù, kíkan la máa tọ́jú pamọ́. A bi Màmá pé, "Màmá, wákàtí mélòó ni?"

Wọ́n wò wá. "Ṣé ẹ máa ń bi ọmọ tó ń sunkún pé wákàtí mélòó ló kù kó tó sùn ni?"

Màmá kì í wo aago. Wọ́n máa ń gbé etí sún mọ́ ẹnu ìkòkò ni. Wọ́n ní tó bá ṣì ń sọ̀rọ̀ kíkankíkan, ẹ fi í sílẹ̀. Tó bá ti di pé ó ń kùn bí ẹni tí oorun ń kùn, ẹ rọ ọ́. Nígbà ọyẹ́, ó máa ń pẹ́. Nígbà ooru, kì í pẹ́. Àgbàdo tó hù dáadáa, ẹnu ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n: wọ́n á ju hóró gbígbẹ kan sẹ́nu, wọ́n á rún un, wọ́n á gbọ́ bí adùn rẹ̀ ṣe tó. A fi fóònù gba ohùn ìkòkò sílẹ̀, a fi tẹmómítà wọn ooru rẹ̀, a kọ gbogbo rẹ̀ sínú tábìlì lórí kọ̀ǹpútà. Ó wúlò, àmọ́ kò tíì tó etí Màmá.

Ọtí tí kì í rí ọjọ́ kẹta ti ń lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan báyìí kó tó kan. Màmá kò da ìdajì ìkòkò nù mọ́, wọn kò sì tíì tún mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ àtifi iṣẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọtí ni fírísà ń tọ́jú, kì í tọ́jú ìmọ̀. Ó lè dá àkókò dúró, kò lè yan àkókò. Ẹni tó mọ̀ ọ́n yàn kò ní jókòó tì wá títí láé, ìyẹn ló sì ń kó wa láyà sókè ju ọ̀rọ̀ iná lọ.

A ti wá ṣe àdéhùn pé kò gbọdọ̀ sí ọtí kan tí Màmá máa pọn tí ẹnìkan nínú wa ò ní sí níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìkejì wa náà ń wá, títí dé ibi àgbàdo híhù. Ó ní kò tíì di ọtí níbẹ̀ yẹn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò wa obìnrin gbé etí sẹ́nu ìkòkò, ó ní ó tó rọ. Màmá náà bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní ká fi í sílẹ̀ títí wọ́n á fi kí ìrun alásàrì.

A jókòó, a ń retí ohùn ládàánì.