Ta Ló Sunkún Ẹni Tó Kú Lójú Ewé Kejì?

 Tòní kì í ṣe ìwàásù. Ọ̀rọ̀ nípa àwọn ìtàn aláwòrán tí àwọn ọmọ wa ń kà lórí fóònù ni. Ó gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀.

Ẹ̀yin náà ti rí wọn. Lẹ́yìn ìsìn, ọmọ á jókòó sórí pèpéle níta ṣọ́ọ̀ṣì, á dorí kodò, àtàǹpàkò á máa ti ojú fóònù lọ sókè. Ẹ lè rò pé fídíò ló ń wò. Rárá o, kọ́míìkì ni, èyí tí wọ́n ń yà ní Japan àti Kòríà tí wọ́n tú sí Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí a rí i pé àwọn ọ̀dọ́ wa ní Ìgbẹ́mọ níbí ò ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu, pàápàá àwọn tó ń lọ sí yunifásítì ní ọ̀nà Ìwòròkò, a ní kí wọ́n gbé e sórí fóònù tiwa náà. A kì í bá ohun tí a kò mọ̀ jà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fi kà á. Màmá ìjọ ní ṣé àwa náà ti padà di ọmọdé ni.

Ká sọ tòótọ́, ọwọ́ àwọn ayàwòrán yẹn dá múṣémúṣé. Àwa tí a ka Atọ́ka ní kékeré, ìwé tí wọ́n ń fi fọ́tò àwọn òṣèré tíátà Yorùbá sọ ìtàn, tí West African Book Publishers ń tẹ̀ jáde l'Ékòó, a mọ ìtàn aláwòrán tó dára bí a bá rí i.

Ṣùgbọ́n pẹ̀lú gbogbo ẹwà yẹn, ìtàn kan náà ni wọ́n ń sọ ṣáá. Ẹnìkan kú, ó jí ní ayé mìíràn, ó ṣì rántí ohun gbogbo, kò sì pẹ́ tó fi lágbára ju àwọn ará ibẹ̀ lọ. Nínú That Time I Got Reincarnated as a Slime, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì ni wọ́n gún lọ́bẹ ní títì. Ó jí, ó di nǹkan rọ̀bọ̀tọ̀ kan tó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Nínú The Beginning After the End, ọba alágbára kan ló kú, wọ́n tún un bí níbòmíràn, ọmọ ọwọ́ ni, ọgbọ́n ọba sì ṣì wà lórí rẹ̀. Mushoku Tensei, tó bẹ̀rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Japan ní ọdún 2012, ti ọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kan ni, tí kì í jáde nílé. Ọkọ̀ akẹ́rù pa á, ó jí di ìkókó. (Ẹ̀yin òbí, ẹ má jẹ́ kí ọmọ kékeré ka ìyẹn, inú rẹ̀ ò mọ́.) Ọkọ̀ akẹ́rù ti wá pa èèyàn nínú ìtàn wọ̀nyí débi pé àwọn tó ń kà á fún un lórúkọ. Truck-kun ni wọ́n ń pè é, àfi bí ẹni ń pe ọmọ àdúgbò. Ó sú àwọn ará Japan pàápàá. Ní ọdún 2016, ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tí Mushoku Tensei ti bẹ̀rẹ̀ ya irú ìtàn bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ nínú àtẹ àwọn tó gbajúmọ̀ jù, kí àwọn ìtàn yòókù lè ráyè mí.

Kì í ṣe ọmọ Yorùbá lẹ máa kọ́ pé ẹni tó kú ń padà wá. Babátúndé, Yétúndé, Ìyábọ̀, ta ni kò ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀ nílé? A ní àbíkú. A ní àkúdàáyà, ẹni tó kú ní Èkìtì tí wọ́n rí tó ń tajà ní ìlú òkèèrè, tó fẹ́yàwó, tó bímọ, títí ọjọ́ tí ará ilé fi dá a mọ̀, tó sì pòórá. Sinimá wa náà ò yọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Nínú Aníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde ní 2022, ẹyẹ Àkàlà ló jí Sàró dìde. Sàró tún kú, ni wọ́n bá tún mú un padà ní 2024 nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di eré alábala. Ibi tí ìjọ dúró sí lórí ọ̀rọ̀ àtúnwá, ẹ mọ̀ ọ́n. Hébérù orí 9 ẹsẹ 27, ẹ lọ kà á. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló gbé wa dé orí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó gbọ́ àlọ́ kò gbà nítorí ẹ̀ pé ìjàpá ń sọ̀rọ̀.

Ohun tó ń dùn wá nìyí. Ẹ gbọ́ orúkọ tí àwọn bàbá wa ń fún àbíkú: Málọmọ́, Kòkúmọ́, Dúrójayé, Bánjókòó. Ta ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀? Ṣé ẹni tó ń lọ tó ń bọ̀ ni? Ìyá ni. Bàbá ni. Ẹni tó jókòó ti ọmọ tó ń gbóná títí ilẹ̀ fi mọ́ ni. Lónìí àwọn dókítà ti jẹ́ ká mọ̀ pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ yẹn, àrùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní síkùsẹ̀ẹ̀lì ló ń pa wọ́n. Síbẹ̀ orúkọ náà ṣì ń sunkún. Kódà Amos Tutuola, nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1952, The Palm-Wine Drinkard, ẹni tó wà láàyè ló dìde, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún rìn dé ìlú àwọn òkú nítorí adẹ́mu rẹ̀ tó jábọ́ lórí ọ̀pẹ. Adẹ́mu sì sọ fún un pé òun ò lè bá a padà sílé mọ́.

Nínú kọ́míìkì tí a kà, ta ló sunkún? Ọkọ̀ akẹ́rù dé, ojú ewé méjì, ó parí. Wọn ò ya ìsìnkú, wọn ò ya yàrá tó ṣófo, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò ya ẹni tó gba ìpè lórí fóònù. Àwọn díẹ̀ kan máa ń rántí ilé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, a ò ní purọ́ mọ́ wọn, ṣùgbọ́n àwọn yòókù ti gbàgbé kí orí kejì tó bẹ̀rẹ̀. Àwa tí à ń sìnkú àwọn tí tírélà pa, a mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni ìtàn wà.

Àwọn èèyàn yìí kan náà wá ní àyè láti fi odindi orí kan ya ìkúùkù kan ṣoṣo! Ọ̀kan na ọwọ́ jáde lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kó tó balẹ̀, láàárín méjèèjì gbogbo ẹni tó dúró tì wọ́n á sọ bí ẹnu ṣe yà wọ́n tó. Ogójì orí, akọni ṣì ń kọ́ṣẹ́. Ó nídìí o. Lórí irú WEBTOON, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni orí tuntun ń jáde lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tí ara rẹ̀ ò gbà á á fi owó ra kọ́ìnì kó lè kà síwájú. Bí ìtàn bá tètè parí, ọjà parí nìyẹn. Kì í ṣe pé àwọn ayàwòrán yẹn ya ọ̀lẹ. Iṣẹ́ náà le kú. Jang Sung-rak, ẹni tó ya Solo Leveling, ìtàn mìíràn tí akọni rẹ̀ kú ní ìbẹ̀rẹ̀ tó sì jí, ẹni ọdún mẹ́tàdínlógójì ni nígbà tó kú ní ọdún 2022. Òun ò jí síbì kankan tó ní idà lọ́wọ́. Àwọn èèyàn rẹ̀ sunkún rẹ̀.

Ìtàn tó lọ́ra kò burú. Ìlú onírẹsì nìlú wa, a mọ ìdúró. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbẹ̀ ìrẹsì bí ọdún ṣe rí, kò ní máa ka ọjọ́ fún yín. Á sọ ọjọ́ tí ẹyẹ ya bo oko. Bíbélì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún méjì tí Jósẹ́fù tún lò lẹ́wọ̀n lẹ́yìn tí agbọ́tí gbàgbé rẹ̀, gbólóhùn kan ni wọ́n fi kọjá lórí ẹ̀. Ẹ wá wo Jòhánù orí 11. Ó tó ẹsẹ mẹ́rìnlélógójì kí Lásárù tó jáde, ìpè àti jíjáde rẹ̀ kò sì ju ẹsẹ méjì lọ. Kí ló gba gbogbo àyè yòókù? Jésù tó dúró pẹ́, Màtá tó jáde lọ pàdé Rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀hónú díẹ̀ lẹ́nu, Màríà tó wólẹ̀, àwọn ará àdúgbò tó wá bá wọn ṣọ̀fọ̀, omijé Olúwa fúnra Rẹ̀. Lásárù tó lọ tó bọ̀ kò sọ nǹkan kan. Kò gba agbára kankan bọ̀, kódà ní orí kejìlá wọ́n tún ti ń gbèrò àtipa á.

Ìdí tí a fi ń kọ gbogbo èyí rèé. Lẹ́yìn ìṣọ́ òru kan, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́kùnrin wa dúró tì wá lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn ti lọ. Ó ti parí ìwé, ó ti sin ilẹ̀ baba rẹ̀, ọdún kẹta rèé tó ń wáṣẹ́. Ó ní, "Dádì, bó bá ṣe pé èèyàn lè ṣe bíi tinú kọ́míìkì yẹn ni, kó kàn lọ, kó jí síbòmíràn, kó bẹ̀rẹ̀ tuntun." Ó rẹ́rìn-ín sí i. Àwa ò rẹ́rìn-ín. A ní kó jókòó. A béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ní ojú ewé kẹta, lẹ́yìn tó bá ti lọ, ta ló máa kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀? Ó dákẹ́ pẹ́. Ó ní, "Màmá mi ni." A ò jẹ́ kó dá lọ sílé lóru ọjọ́ náà, ọ̀dọ̀ wa ló sùn. Ilẹ̀ mọ́, a jọ lọ bá màmá náà, a sì jọ lọ rí dókítà. Ara rẹ̀ ti ń yá. Òun fúnra rẹ̀ ló ní ká kọ ọ́, ká má ṣáà dárúkọ òun. Ẹ̀yin tí irú èrò bẹ́ẹ̀ ń wá sí lọ́kàn, ẹ pè wá lóru, ẹ má dúró di ọjọ́ Àìkú.

A sọ fún un pé ọ̀rọ̀ tiwa nínú ìjọ, àtúnbí, ó jọ àtúnwá létí, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. Nikodémù náà kọ́kọ́ ṣì í gbọ́, ó ń béèrè bí àgbàlagbà ṣe máa padà sínú ìyá rẹ̀. Ẹni tó di àtúnbí lálẹ́ Sátidé, tó bá jí láàárọ̀ Àìkú, Ìgbẹ́mọ náà ló wà. Gbèsè rẹ̀ wà níbẹ̀, ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, sátífíkéètì rẹ̀ ṣì wà nínú àpótí. Ìtàn yẹn ṣòro láti yà, a gbà, torí kò sí idà nínú ẹ̀.

Ó jọ pé ẹnìkan fẹ́ gbìyànjú ẹ̀. Ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin wa tó mọ àwòrán yà ti bẹ̀rẹ̀ kọ́míìkì tirẹ̀ nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́. Ó fi ojú ewé mẹ́rin hàn wá. Obìnrin kan ló ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì lórí atẹ, fóònù ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó béèrè bóyá ojú ewé mẹ́rin kò ti pọ̀ jù kí ó tó gbé fóònù yẹn, a ní kó má yọ ìkankan kúrò. Bírò ló fi ń yà á. Ẹni tó bá ní tábúlẹ́ẹ̀tì tí kò lò mọ́ nílé, kó jọ̀ọ́ bá wa sọ̀rọ̀.