Má Tíì Sanwó Ọkọ̀ Náà, Fúnmi

Houston, Texas
Alẹ́ ọjọ́ Àìkú

Fúnmi àbúrò mi,

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp kí n tó jókòó kọ èyí. Inú rẹ ń dùn. Mo sì gbọ́ ohùn Màmá lẹ́yìn rẹ, tí wọ́n ń ní kí o sọ fún mi pé ọkọ̀ náà dúdú, ó ń dán. Mi ò fẹ́ pè ọ́ lórí fóònù, torí bí mo bá pè, wàá ní "Bọ̀ọ̀dá mi, mo ti gbọ́," nẹ́tíwọ́ọ̀kì á já, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Jọ̀wọ́, ka lẹ́tà yìí tán kí o tó ka owó fún ẹnikẹ́ni.

Mi ò ní kí ẹ má ra ọkọ̀. Kí ni mo fẹ́ fi ẹnu mi sọ? Lálẹ́ ọjọ́ tí àìsàn Bàbá le, ìwọ lo dúró lẹ́bàá títì ní Ìbarà tí ò ń nawọ́ sí gbogbo iná ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀kadà lẹ fi gbé wọn dé ọsibítù níkẹyìn, tí o jókòó sẹ́yìn wọn, tí o fi àyà gbé wọn ró. Nígbà tí owó tí mo fi ránṣẹ́ máa fi dé, pósí lẹ fi rà. Mi ò lè wọ ọkọ̀ mi níbí kí n má rántí alẹ́ yẹn. Nítorí náà, ẹ ra ọkọ̀. Màmá ò gbọdọ̀ dúró lẹ́bàá títì láéláé.

Ṣùgbọ́n o ní Honda Accord 2002 ni, èyí tí wọ́n ń pè ní Baby Boy. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nínú ọkọ̀ yẹn kò sí nínú ẹnjíìnì rẹ̀. Inú sítíárì ló wà.

O mọ ẹ́ábáàgì, àpò tí wọ́n ká sínú sítíárì, tó máa ń wú jáde bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, kí àyà awakọ̀ má baà gbá irin. Agolo irin kékeré kan wà lẹ́yìn àpò yẹn, kẹ́míkà tó ń gbiná lójijì ló wà nínú rẹ̀, òun ló ń fẹ́ atẹ́gùn kún inú àpò. Ilé iṣẹ́ kan ní Japan tó ń jẹ́ Takata ló ṣe irú agolo bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀, ammonium nitrate tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀ ni wọ́n sì lò. Ọ̀rinrin a máa wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ooru ọ̀sán á mú un, òtútù òru á mú un, ọdún á gorí ọdún, kẹ́míkà náà á rún. Lọ́jọ́ tó bá wá gbiná, agbára rẹ̀ á ju ohun tí agolo lè gbà lọ. Agolo á fọ́, àfọ́kù irin á la àpò já, á dojú kọ ọ̀fun àti ojú ẹni tó wà nídìí sítíárì. Kò dìgbà tí ìjàm̀bá bá le. Ìkọlù kékeré nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lè ṣe é.

Ní Amẹ́ríkà nìkan, nǹkan bí mílíọ̀nù 67 irú agolo bẹ́ẹ̀ ni wọ́n pàṣẹ pé kí wọ́n yọ. Ó lé ní 20 ènìyàn tó ti pa níbí. Àwọn Honda àti Acura kan tí wọ́n ṣe láti 2001 sí 2003 ló sì burú jù. Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, NHTSA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò ọkọ̀ níbí, kéde pé bí irú ọkọ̀ wọ̀nyẹn bá ní ìjàm̀bá tí àpò rẹ̀ sì wú, nínú ọgọ́rùn-ún agolo, àádọ́ta lè fọ́. Àádọ́ta, Fúnmi. Wọ́n ní ẹni tó bá ní ọkọ̀ náà kò gbọdọ̀ wà á lọ síbì kankan àfi ibi tí wọ́n á ti tún un ṣe. Accord 2001 àti 2002 wà lára àwọn tí wọ́n dárúkọ.

Ọkọ̀ tí mo kọ́kọ́ rà níbí, kì í ṣe Honda, ní irú wàhálà yìí náà. Wọ́n kọ lẹ́tà sí mi, mo tì í sábẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Èkejì dé, mo tún tì í síbẹ̀. Ìyàwó mi ló ka ẹ̀kẹta, ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó sì bú sẹ́kún. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n tún un ṣe, kò sì gbà ju wákàtí méjì lọ. Gbogbo oṣù tí lẹ́tà yẹn fi wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, èmi náà ni mò ń fi ọkọ̀ ọ̀hún gbé àwọn ọmọ lọ ilé ìwé.

Ta ni yóò kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sí ẹni tó ń ta ọkọ̀ náà fún yín? Ó ní 2009 ni ọkọ̀ náà ti wọ ilé. Lọ́dún yẹn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í pe díẹ̀díẹ̀ nínú ọkọ̀ wọ̀nyí padà fún àtúnṣe. Àdírẹ́sì ẹni tó ni ín ní Amẹ́ríkà ni lẹ́tà rẹ̀ máa lọ, kì í ṣe Kútọ̀. Ìpínlẹ̀ tó móoru tó sì ní ọ̀rinrin, bíi Texas tí mo wà yìí àti Florida, ni ìjọba níbí sáré dojú kọ, torí ibẹ̀ ni agolo náà ti ń tètè bàjẹ́. O mọ bí oòrùn Abẹ́òkúta ṣe rí.

Ohun tó wá lé oorun lójú mi ni èyí tí o sọ gbẹ̀yìn, pé Wálé ọmọ Bọ̀ọ̀dá Rẹ̀mí ní kí ẹ má ṣèyọnu, pé ẹ́ábáàgì ọkọ̀ náà ti bú rí, wọ́n sì ti fi òmíràn sí i. Òmíràn láti ibo? Ní Las Vegas lọ́dún 2017, ọmọbìnrin kan ní ìjàm̀bá tí kò le pẹ̀lú Accord 2002, irú ọkọ̀ kan náà gan-an. Ọkọ̀ ọ̀hún ti forí gbá nǹkan rí kó tó dé ọwọ́ wọn, ẹ́ábáàgì tí wọ́n tú lára Accord 2001 kan ni wọ́n fi dí i. Irin gún un lọ́rùn. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ìwọ ni mò ń rò bí mo ṣe ń kọ èyí, torí mo mọ bí o ṣe ń fa àga sún mọ́ sítíárì kí ẹsẹ̀ rẹ lè kan búréèkì.

Mo mọ̀ pé Màmá á ní mo tún ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ará ilé Bọ̀ọ̀dá Rẹ̀mí. Bá mi bẹ̀ wọ́n. Ọ̀rọ̀ Datsun tí Bọ̀ọ̀dá Rẹ̀mí bá Bàbá wá, tí Bàbá ta ilẹ̀ Òṣíẹ̀lẹ̀ nítorí rẹ̀, tó fi oṣù mẹ́rin rìn, tí àwọn méjèèjì ò sì kí ara wọn mọ́ títí a fi sin Ìyá Àgbà, mo ti gbàgbé rẹ̀. Wálé ò purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n Wálé ò lè mọ ohun tó wà nínú sítíárì, bí bàbá rẹ̀ ò ṣe mọ̀ pé ọ̀dà ni wọ́n fi bo ìpẹtà abẹ́ Datsun. Mi ò fẹ́ Baby Boy yẹn fún yín.

Corolla ti tíṣà ṣọ́ọ̀ṣì Màmá tí o ní ó wọ́n, ẹ padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Èmi á fi ìyókù kún un. Òun náà ò bọ́ lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ yìí: ní oṣù kìn-ín-ní 2024, Toyota ní kí àwọn tó ń wa Corolla 2003 àti 2004 tí wọn kò tíì tún ṣe gbé e sílẹ̀. Nítorí náà, kí oòrùn tó mú, lọ wo ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú lọ́wọ́ awakọ̀. Nọ́ńbà ṣáṣíìsì wà níbẹ̀, mẹ́tàdínlógún ni gbogbo rẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà. Ya fọ́tò rẹ̀, kí o tún ya èyí tó wà lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀. Bí méjèèjì ò bá dọ́gba, máa bọ̀ nílé. Èyí tó ṣe ìkẹwàá ló ń sọ ọdún ọkọ̀: 3 ni 2003, 4 ni 2004, ohun yòówù kí tíṣà sọ. Tí wọ́n bá yí kọ́kọ́rọ́, kí o wo dáṣíbọọ̀dù. Iná ẹ́ábáàgì gbọ́dọ̀ tàn díẹ̀, kó sì kú. Bí kò bá tàn rárá, ẹnì kan ti yọ gílóòbù rẹ̀. Má jẹ́ kí rewáyà kankan tú sítíárì láti fi hàn ọ́, ó lè bú mọ́ ọn lójú.

Ní ti jíà ọkọ̀ tí o bi mí léèrè, ẹ wa ọkọ̀ náà gun òkè nígbà tó bá gbóná, bí jíà bá ń já, ẹ fi sílẹ̀.

Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe lọ́sẹ̀ yìí. Aago méje àárọ̀ lọ́dọ̀ yín, mi ò tíì sùn. Fi fọ́tò méjèèjì ránṣẹ́, mo máa yẹ̀ ẹ́ wò lórí ìkànnì NHTSA lójú ẹsẹ̀, mo sì máa pè ọ́. Bá mi dọ̀bálẹ̀ fún Màmá, kí o sọ fún wọn pé ọkọ̀ á dé kó tó di ọjọ́ tí wọ́n máa padà lọ wo ojú wọn. Bí Wálé bá ní ẹlòmíràn ti ń bọ̀ wá ra Honda náà lọ́la, sọ fún un pé kí wọ́n má rà á, kí o sì fi lẹ́tà yìí hàn án.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ,
Dépò