Kọ̀ǹpútà Àbíkú

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbò ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni. Ẹ̀yin tí ẹ ò fẹ́ràn ẹ̀rọ, ẹ má tíì ṣí ojú ìwé yìí kọjá, torí pé orúkọ èèyàn kan fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́ nínú ọ̀rọ̀ náà.

Kọ̀ǹpútà tó bá kú pátápátá ò ní wàhálà. Èèyàn á gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe, wọ́n á ní pawa ẹ̀ ló jó, wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀, ó parí. Èyí tó burú ni èyí tó ń kú tó ń jí. Á ṣiṣẹ́ dáadáa fún wákàtí mẹ́ta, á dákú lójijì, ojú ẹ̀ á di búlúù, lẹ́yìn náà á tún jí fúnra ẹ̀ bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Àbíkú gan-an ni. Irú ẹ̀ la rà.

Àwa mẹ́rin la dá owó jọ, ní ọdún àṣekágbá wa. A gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ họ́sítẹ̀lì, ká lè máa bá àwọn èèyàn tẹ project. Desktop la yàn, torí pé bí nǹkan kan bá bàjẹ́ lára ẹ̀, èèyàn lè yọ ọ́, kó fi òmíràn sí i. Díẹ̀díẹ̀ la ra ẹ̀yà ara ẹ̀: mọ́dábọ́ọ̀dù, processor, pawa, kéèsì, SSD, àti RAM méjì, 8GB 8GB, irú DDR4, tuntun nínú ike tí wọn ò tíì já. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá ló tò ó pọ̀. Ẹnjinníà la máa ń pè é, bẹ́ẹ̀ ẹ̀kọ́ nípa ewéko ló ń kà. Ojú àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ti já ike RAM yẹn. Akápò wa, ọmọbìnrin tí kì í da bébà nù, kó àwọn ike náà àti rìsíìtì sínú báàgì ẹ̀.

Ọjọ́ kẹta ni àìsàn bẹ̀rẹ̀. Ojú búlúù àkọ́kọ́ kọ MEMORY_MANAGEMENT. Lọ́jọ́ kejì ó kọ PAGE_FAULT_IN_NONPAGED_AREA. Lọ́jọ́ kẹta ẹ̀ ó tún di IRQL_NOT_LESS_OR_EQUAL. Ó ń yí ẹjọ́ padà bí olè tí wọ́n mú lọ́jà. Ìgbà tó yá, orí kẹta nínú project oníbàárà wa kan kọ̀, kò ṣí mọ́. Ọjọ́ Mọ́ńdè ló fẹ́ gbé e fún ọ̀gá ẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ó ṣì ní èyí tó fọwọ́ kọ. A tẹ̀ ẹ́ látìbẹ̀rẹ̀ lóru ọjọ́ náà, a ò gba kọ́bọ̀.

Ẹnu wá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Ẹnì kan ní fláṣì àwọn oníbàárà ló kó fáírọ́ọ̀sì wá. Ẹlòmíràn ní iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ni. A fi Windows tuntun sí i, ó dákú láàárín méjì kí ó tó parí. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, Akápò bú jáde: “Ṣé ẹ ò rí i pé Ẹnjinníà fi RAM kún laptop ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá ni? Ibo ló ti rówó? Ó ti yọ tiwa, ó fi tòkunbọ̀ sí i!” Ẹnì kẹrin wa mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní kó dá owó padà, kó sì máa lọ.

Ẹnjinníà ò bá wọn jà. Ó kàn ń wolẹ̀. Ó ní, “Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò,” ó jáde.

Mo ti mọ̀ pé apá kan nínú ẹjọ́ yẹn ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. RAM desktop gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 13, ti laptop ò ju nǹkan bíi 7 lọ. Èyí ò lè wọ ihò tọ̀hún láéláé. Àmọ́ wọ́n ní ó lè ti tà á, kó fowó ẹ̀ ra èyí tó kéré. Mo wá ní ká tó pe ọmọ ọlọ́mọ lólè, ẹ jẹ́ ká bi RAM fúnra ẹ̀ léèrè.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. RAM 8GB kan ní ojú ibi kéékèèké tó lé ní bílíọ̀nù 68, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba 0 tàbí 1. Iná tíńtín ló wà nínú wọn, iná yẹn sì ń jò. Bí ìgbà tèèyàn ń fi ajere pọnmi ni. Kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ yí gbogbo wọn ká, kó tún un rọ kún, láàárín ìdá 64 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan, kó má dáwọ́ dúró. Robert Dennard, tó ń ṣiṣẹ́ ní IBM ní Amẹ́ríkà, ló ronú kan ọgbọ́n yìí ní 1966. Ó yá, bí ojú kan ṣoṣo nínú bílíọ̀nù 68 bá ń jò ju àwọn yòókù lọ ńkọ́? Ẹ fi 1 síbẹ̀, ẹ bá 0. Bó bá jẹ́ lẹ́tà nínú project ló bọ́ síbẹ̀, lẹ́tà á yí padà, ẹnì kankan ò ní mọ̀. Bó bá jẹ́ àṣẹ Windows ni, ojú á di búlúù. Ìdí nìyẹn tí ẹjọ́ ẹ̀ fi ń yí padà lójoojúmọ́.

Irinṣẹ́ tí a fi yẹ̀ ẹ́ wò ni Memtest86+. Ọ̀fẹ́ ni. Ọmọ ìyá Memtest86 tí Chris Brady kọ ní 1994 ni. Èèyàn á gbé e sórí fláṣì, kọ̀ǹpútà á sì gbéra láti orí fláṣì náà láìsí Windows rárá. Á máa kọ nǹkan sí gbogbo ojú, á máa padà wá kà á bóyá ohun tó kọ náà ló bá. Bó bá ti rí ìyàtọ̀, á fi pupa kọ ọ́.

Òfin kan ṣoṣo la tẹ̀lé: nǹkan kan ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá yí nǹkan mẹ́ta padà pọ̀, tára kọ̀ǹpútà bá yá, kò ní mọ oògùn tó jẹ́.

Lóru àkọ́kọ́, a wọ BIOS, a pa XMP tó ń jẹ́ kí RAM sáré tó 3200 tí wọ́n kọ sára ẹ̀. A jẹ́ kó máa rọra rìn ní 2400. Pupa ṣì jáde. Kì í ṣe eré àsápajúdé nìyẹn. Lóru kejì, a yọ RAM kan, a fi ẹyọ kan sínú ihò kejì sí processor, bí ìwé mọ́dábọ́ọ̀dù ṣe wí. Ó yí i po lẹ́ẹ̀mẹrin títí ilẹ̀ fi mọ́, àṣìṣe 0. Lóru kẹta, a fi èkejì sínú ihò kan náà. Kò tíì yí i po lẹ́ẹ̀mejì tí pupa fi kún ojú ẹ̀. A fi rọ́bà tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń pa lẹ́ẹ̀dì rẹ́ nu ẹsẹ̀ ẹ̀ tó ń dán, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lọ́jà. Pupa. A gbé e sí ihò mìíràn. Pupa. A fi èyí tó dára sínú ihò yẹn. Mọ́ tónítóní. Àìsàn ń tẹ̀lé RAM kiri, kò dúró sí ihò kankan. Mọ́dábọ́ọ̀dù ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Àmọ́ Akápò ní, “Ẹn-ẹ́n, ṣé kì í ṣe òun ló gbé èyí tó bàjẹ́ síbẹ̀?”

Mo ní, “Kó ike tí ò ń tọ́jú yẹn wá.”

Nọ́ńbà wà lára ike, nọ́ńbà wà lára RAM. Òun fúnra ẹ̀ ló kà á sókè, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì. Ìgbà tó fi máa ka ìdajì, ohùn ẹ̀ ti lọọlẹ̀. Ọ̀kan náà ni. RAM tí a já níṣojú ara wa gan-an ló ń ṣàìsàn. Tuntun ni lóòótọ́, àmọ́ ọmọ tuntun náà máa ń ṣàìsàn.

A ya fọ́tò ojú pupa yẹn, a lọ bá ọ̀gá tó tà á fún wa. Ó kọ́kọ́ ní ẹ̀yin ọmọ yunifásítì, ìwé yín ti pọ̀ jù. Nígbà tó wo fọ́tò tán, tó wo nọ́ńbà, ó pààrọ̀ ẹ̀. A tún fi oru kan yẹ tuntun yẹn náà wò: 0. A sì nu Windows dànù, a tún un fi sí i, torí pé ohunkóhun tí kọ̀ǹpútà kọ sílẹ̀ nígbà tí orí ẹ̀ ò pé, kò ṣeé gbára lé. Gbogbo fáìlì ọjọ́ wọ̀nyẹn la ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan, tí a kà wọ́n.

Akápò bẹ Ẹnjinníà. Ó ra súyà, ó kúnlẹ̀ pàápàá. Ẹnjinníà jẹ súyà, ó ní kò sí wàhálà, ó sì padà sí ṣọ́ọ̀bù. Owó tó fi ra RAM laptop ẹ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ̀ ló fún un. A ò bi í, òun ló sọ.

Kọ̀ǹpútà wa ò dákú mọ́ látìgbà náà. Ṣùgbọ́n Ẹnjinníà kì í dá kéèsì ṣí mọ́, àfi tí àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pé. Ó ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, ó kọ nọ́ńbà gbogbo ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà náà sí i, bó bá sì ti fọwọ́ kan sikirú, á ní ká buwọ́ lù ú. Bí ẹ bá yà sí ọ̀dọ̀ wa wá tẹ project, ìwé náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ printer.