Láti Ṣábẹ̀ dé Okpara: Ta Ni Yóò Tún Ayé Ṣe?

Ìdájí ni mo ti jáde ní ìlú Ṣábẹ̀ ní Benin, kí oòrùn tó mú. Ọlọ́kadà tó gbé mi, zẹ́mì ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, kẹ̀yìn sí àwọn òkè àpáta ìlú náà, ó doríkọ ìlà-oòrùn. Pápá àti oko iṣu la ń kọjá, màlúù sì ń dá wa dúró lóòrèkóòrè. Odò Okpara, tó pààlà Benin àti Nàìjíríà níhà ibẹ̀, wà níwájú.

Nígbà tí mo débẹ̀, bàbá onífá kan tó tún jẹ́ àgbẹ̀ ló gbà mí lálejò. Mo ní, "Bàbá, báwo layé ṣe bẹ̀rẹ̀?" Ó nawọ́ sí adìyẹ tó ń tan ilẹ̀ nídìí èèpo iṣu. "Iṣẹ́ tí ìyẹn ń ṣe ló dá a."

Ó ní omi ló kún ìsàlẹ̀. Olódùmarè rán Ọbàtálá, ẹmu dá a dúró lọ́nà, Odùduwà bá gba iṣẹ́ náà ṣe. Ó da iyẹ̀pẹ̀ sórí omi ní Ifẹ̀, adìyẹ oníka márùn-ún sì tàn án títí ó fi di ilẹ̀. Ìwé ìtàn Samuel Johnson, tó jáde ní 1921, ka Oníṣábẹ̀, ọba Ṣábẹ̀, mọ́ ọmọ méje Ọ̀kànbí, ọmọ Odùduwà. Nígbà tí wọ́n pín ogún Ọ̀kànbí, adé kan Alákétu, ilẹ̀ kan Ọ̀rányàn, màlúù kan Oníṣábẹ̀.

"Òpin ńkọ́, Bàbá?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Bi àwọn yẹn."

Àlùfáà ìmàle tó wà nítòsí ní fèrè Ísíráfílù yóò dún, òkú yóò sì jí. Ìyá kan nínú Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá, èyí tí Oshoffa dá sílẹ̀ ní Porto-Novo ní 1947, ní Jésù ń bọ̀ wá ṣèdájọ́.

Bàbá ní Olókun ti fi omi bo ilẹ̀ rí, torí wọn ò bi í kí wọ́n tó dá ilẹ̀ sórí omi rẹ̀. Ọ̀rúnmìlà ló bá wọn rọ̀ ọ́. "Ayé a máa bàjẹ́. Ẹni tí yóò tún un ṣe la máa ń wá."

Lọ́sàn-án, ẹjọ́ dé: màlúù Fúlàní kan ti jẹ ẹ̀gẹ́ olóko. Àwọn mẹ́ta yìí náà ló jókòó tì í. Wọ́n bu owó ìtanràn, darandaran bẹ̀bẹ̀, wọ́n dín in kù, olóko ṣì ń kùn. Kò sẹ́ni tó dárúkọ Ọjọ́ Ìkẹyìn. Ohun tí wọ́n ń lé ni kí àgbẹ̀ àti darandaran lè jọ gba ọ̀nà kan náà kọjá lọ́la láìfa àdá yọ.