Òwe Tí Ikú Pa Fún Wa

Àwọn àgbà ló ní ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé ènìyàn méjì lè gbọ́ òwe kan náà lọ́nà méjì, kí wọ́n sì torí rẹ̀ di ọ̀tá ara wọn. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Lọ́ńdọ̀nù, láàrin èmi àti ọkùnrin kan tí mo ń pè ní ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín, ẹ̀yin òǹkàwé mi.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2004, mo ti ibi iṣẹ́ òru dé. Iṣẹ́ gbálẹ̀-gbálẹ̀ ni mo ń ṣe nígbà náà ní ọ́fíìsì kan nítòsí Euston. Alẹ́ ni a ń wọlé, òwúrọ̀ ni a ń jáde. Mo bọ́ bàtà, mo tan tẹlifíṣàn, mo ní kí n gbọ́ ìròyìn díẹ̀ kí oorun tó gbé mi lọ. Ohun tí mo rí ni ọkọ̀ ojú irin tí ikùn rẹ̀ tú síta bí agolo sàdíìnì tí wọ́n fi ọ̀bẹ ya. Madrid ni, olú-ìlú Sípéènì. Bọ́ǹbù mẹ́wàá ló bú gbàmù nínú ọkọ̀ mẹ́rin láàrin ìṣẹ́jú mélòó kan, ní àkókò tí àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn ọmọ iléèwé ń lọ sí ibi tí wọ́n ń lọ. Nígbà tí wọ́n ka òkú tán, ó jẹ́ 191. Àwọn tó farapa sún mọ́ 2,000.

Ẹ má rò pé ojú àánú lásán ni mo fi ń wò ó. Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, ń gbé ní Alcalá de Henares láti ọdún 2001, ojú irin Alcalá yẹn gan-an ló sì ń gbà lọ síbi tó ti ń ṣe lébírà ní Madrid ní kùtùkùtù. Mo tẹ nọ́ńbà rẹ̀, kò lọ. Mo tún un tẹ̀, kò lọ. Mo tẹ nọ́ńbà yẹn títí àtàǹpàkò mi fi ń ro mí. Nígbà tó di ọ̀sán, ìyá wa pè láti ilé, wọ́n ti gbọ́ ọ lórí rédíò. Wọ́n ní, "Àbúrò rẹ ńkọ́?" Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, màmá, mo ti bá a sọ̀rọ̀, àlàáfíà ló wà." Irọ́ ni mo pa. Irọ́ gbuu.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kọjá díẹ̀ kí ó tó pè. Eyín ló kó o yọ! Eyín ń dùn ún kò jẹ́ kó sùn mọ́jú, ìgbà tí ilẹ̀ ń mọ́ ni oorun ṣẹ̀ṣẹ̀ jí i gbé, ọkọ̀ sì lọ láìsí i nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ń po sìmẹ́ńtì, ọmọ ilẹ̀ Romania, kò débi iṣẹ́, kò sì padà sílé. Ọ̀pọ̀ àjèjì ló bá ọ̀ràn náà lọ. Lẹ́yìn náà ni ìjọba ní kí wọ́n fún àwọn àjèjì tó farapa àti ẹbí àwọn tó kú ní ìwé ọmọ ìlú. Àbúrò mi ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ìwé tí gbogbo wa ń sáré kiri sí, ikú ló wá ń bá wọn pín in."

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo pe ìyá mi padà, mo jẹ́wọ́. Èsì tí wọ́n fọ̀ fún mi, n ó sọ ọ́ kí n tó dákẹ́.

Sípéènì kì í ṣe ìlú kan lásán sí àwa tí a wà ní Ìlú Ọba nígbà náà. Ọ̀rẹ́ ogun ni wọ́n. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹta ọdún 2003, Bush ti Amẹ́ríkà, Blair ti Ìlú Ọba àti Aznar ti Sípéènì pàdé ní erékùṣù Azores. Kò pé ọjọ́ mẹ́rin sí i tí ogun Ìráàkì fi bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí iná jó ilé Aznar, gbogbo ojú ló yí sí ilé Blair.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí bọ́ǹbù bú, kò sí ẹni tí kò rò pé ETA ni, àwọn ọmọ Basque tí wọ́n ń fi ìbọn àti bọ́ǹbù bèèrè òmìnira. Àwọn yìí ti pa ènìyàn tó lé ní 800 ní Sípéènì. Aznar fúnra rẹ̀, orí ló yọ ọ́ lọ́wọ́ bọ́ǹbù wọn ní ọdún 1995. Bí ó bá dárúkọ wọn ní òwúrọ̀, ta ni yóò bá a wí? Àmọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwọn ọlọ́pàá ti rí ọkọ̀ kan ní Alcalá, ohun tí wọ́n fi ń tanná ran bọ́ǹbù wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì Kùránì. Ní òru, wọ́n tún rí báàgì kan tí bọ́ǹbù inú rẹ̀ kò bú, tẹlifóònù alágbèéká wà lára rẹ̀. Síbẹ̀, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé wọn ń jáde lórí tẹlifíṣàn, ETA ni, ETA ni. Ìdìbò ku ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì mọ ìdí rẹ̀: bó bá jẹ́ ETA, ìjọba tó ń gbógun ti ETA ni ará ìlú yóò sá tọ̀, bó bá jẹ́ àwọn tó ń bínú sí ogun Ìráàkì, wọn yóò bi Aznar pé ta ló rán an.

Àbúrò mi wà lára àwọn tó rìn nínú òjò ní Madrid ní ọjọ́ Ẹtì. Ó ní ariwo tí wọ́n ń pa ni pé, "Ta ló ṣe é?" Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n mú àwọn ọmọ Mòrókò kan, ní alẹ́ ọjọ́ náà àtẹ̀jíṣẹ́ ń fò láti orí tẹlifóònù kan sí èkejì, àwọn ènìyàn sì kóra jọ síwájú ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ìjọba. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 14, wọ́n dìbò. Ẹgbẹ́ Aznar tí wọ́n ti ń sọ pé yóò wọlé fìdí rẹmi: àga 148 ni wọ́n rí, ẹgbẹ́ Zapatero rí 164. Kíá, Zapatero ní àwọn ṣójà òun ní Ìráàkì, bí 1,300, yóò padà wálé.

Ọ̀rọ̀ wá délẹ̀ ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀ ní Peckham ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé Lọ́ńdọ̀nù rí mọ bí ìsọ̀ onígbàjámọ̀ ṣe rí. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wa nìyẹn. Ẹni mẹ́ta ní í gẹrun, ẹni mẹ́tàlá ní í wá jiyàn.

Bàbá Ìbejì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ọkùnrin yìí fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Lọ́ńdọ̀nù, ilé rẹ̀ ni mo sùn fún oṣù mẹ́ta láìsan kọ́bọ̀. Ó ní, "Ẹ̀rù ló dìbò ní Sípéènì. Ẹ wò ó, apààyàn ti mọ̀ báyìí pé bí ìdìbò bá ku ọjọ́ mẹ́ta, kí òun gbé bọ́ǹbù wọ ọkọ̀, òun ni yóò mú olórí fún ìlú. Bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ tiwa lọ́dún tó ń bọ̀ ńkọ́? Ẹni tí a jọ gbé ẹrù, tó wá sọ tirẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ọrùn ta ni yóò wọ̀?"

A mọ ọrùn tí ó ń sọ. Táyé, ọmọ rẹ̀, wà nínú ọmọ ogun Ìlú Ọba, Basra ni wọ́n sì kó wọn lọ. Ẹnìkan ní, "Ẹ̀gbọ́n, Najaf àti Diwaniya làwọn ti Sípéènì wà, ó jìnnà sí Basra." Ó ní, "Ogun kan náà ni."

Mo ní kí ẹ̀gbọ́n má bínú. Mo ní láti ọjọ́ tógun ti bẹ̀rẹ̀ làwọn ará Sípéènì ti ní àwọn kò fẹ́ ẹ, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn tú síta láti wí bẹ́ẹ̀. Mo ní kí bọ́ǹbù tó bú ni Zapatero ti ṣèlérí pé òun yóò kó ṣójà wálé. Mo ní irọ́ ló lé Aznar lọ, kì í ṣe ẹ̀rù. Ó ní, "Ìwọ lo mọ ohun tó wà lọ́kàn wọn." Mo ní, "Àbúrò mi wà níbẹ̀." Ó ní, "Àbúrò rẹ tí kò lè dìbò?" Gbogbo ìsọ̀ rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn ló bà mí nínú jẹ́. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Mo dìde, mo ní, "Ẹ̀yin lẹ fi ọmọ yín ta Blair lọ́rẹ. Ẹ má fi àbúrò tèmi kún un."

Ìsọ̀ dákẹ́ lọ rọ́rọ́. Alhaji onígbàjámọ̀, tí kò tíì sọ nǹkan kan láti àárọ̀, pa ẹ̀rọ tó fi ń gẹrun. Bàbá Ìbejì mú fìlà rẹ̀, ó jáde. Ó lé lọ́dún kan tí a kò fi kí ara wa.

Láàrin ìgbà náà, ayé ń yí. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 2004, wọ́n tún bá bọ́ǹbù lójú irin ní Sípéènì, lẹ́yìn tí wọ́n ti dìbò yan olórí tuntun. Ọjọ́ kejì rẹ̀, àwọn apààyàn méje fi bọ́ǹbù pa ara wọn àti ọlọ́pàá kan nígbà tí wọ́n ká wọn mọ́lé ní Leganés. Nígbà tó di ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ọdún 2005, ó kan àwa náà láti dìbò. Ọmọ Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì tó bá ní ìwé ìgbé ní Ìlú Ọba lè dìbò, nítorí náà mo lọ. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Èmi tí mo pariwo lórí ogun, ẹgbẹ́ Blair ni mo dìbò fún. Ẹgbẹ́ kejì tí ó lágbára náà fara mọ́ ogun ọ̀hún, àwọn ni wọ́n sì ń fi ọ̀rọ̀ àjèjì polongo kiri. Èmi ń ro iléèwé àwọn ọmọ mi, mo ń ro ilé ìwòsàn. Blair wọlé lẹ́ẹ̀kẹta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àga 167 tó fi lé gbogbo ẹgbẹ́ yòókù lọ ní 2001 rọ̀ sí 66.

Bí mo ti ń ti ibùdó ìdìbò bọ̀, mo bi ara mi pé: bí ẹnìkan bá wá sọ lọ́la pé mo dìbò nítorí pé mo fẹ́ràn ogun, ǹjẹ́ òótọ́ ló sọ? Ìwé ìdìbò kò ní ẹnu. Ẹrù púpọ̀ la ń dì sínú rẹ̀, àmì kan ṣoṣo la sì ń tẹ̀. Báwo ni Bàbá Ìbejì ṣe mọ̀ pé ẹ̀rù ni ti Sípéènì? Báwo ni èmi náà ṣe mọ̀ pé òtítọ́ nìkan ni?

Oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀, ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 7 oṣù keje, òwe tí ikú ń pa dé ọ̀dọ̀ wa. Iṣẹ́ pẹ́ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ku díẹ̀, mo gbọ́ ohùn kan tó ju àrá lọ: bọ́ọ̀sì 30 ni, ní Tavistock Square, kò jìnnà sí ibi tí mo dúró. Ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ mẹ́ta ti kọ́kọ́ bú. Ènìyàn 52 ló kú. Fóònù kò lọ, bọ́ọ̀sì kò rìn. Mo fẹsẹ̀ rìn láti Euston, mo kọjá odò Thames, mo dé Peckham pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú.

Ẹni tí mo bá lórí àtẹ̀gùn iwájú ilé mi ni Bàbá Ìbejì. Ó ti jókòó síbẹ̀ láti ọ̀sán, ó gbé fìlà lé orúnkún. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní, "Àbúrò, ṣé o ti jẹun?" Mo dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ títì. Ó ní, "Dìde, dìde. Nígbà tí wọ́n ní Euston ni, n kò rántí Sípéènì mọ́." Mo bi í nípa Táyé. Ó ní ó ti dé láti Basra láìfarapa. A wọlé, a jẹ ẹ̀bà, bí a ti ń jà bí i ká kú kọ́.

Àwa méjèèjì ṣì ń jiyàn. Nígbà tí ilé ẹjọ́ Sípéènì dájọ́ ní 2007, wọn kò rí ọwọ́ ETA nínú rẹ̀. Mo lọ sọ fún un. Nígbà tí ìwé Chilcot jáde ní 2016, tó ní wọn kò tíì gbìyànjú gbogbo ọ̀nà àlàáfíà tán kí wọ́n tó gbógun lọ Ìráàkì, òun ló wá sọ́dọ̀ mi. Ó kàn ní, "Ọmọ 179 ni kò padà. Tèmi padà." N kò fèsì.

Ohun tí mo rí nìyí. Sípéènì yí olórí wọn padà, bọ́ǹbù kò tìtorí ìyẹn kúrò lójú irin lọ́gán. Àwa mú tiwa dání, ó sì dé bá wa. Nítorí náà, kí ará ìlú má wo ojú apààyàn kó tó yan olórí, kí ó má sì tìtorí pé apààyàn yóò yọ̀ gba irọ́ lọ́wọ́ olórí. Ohun tó yẹ ká bi í kò pọ̀: nígbà tí iná ń jó, ṣé òótọ́ lo sọ fún wa?

Mo ṣèlérí pé n ó sọ èsì ìyá mi. Nígbà tí mo jẹ́wọ́ fún wọn ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Mo ti mọ̀. Ohùn rẹ ń gbọ̀n. Irọ́ ọ̀sán, ìfẹ́ ló pa á, mo dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n ká ní o jẹ́ kí ilẹ̀ ọ̀la mọ́ bá a lẹ́nu rẹ ni, n kì bá tí gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ gbọ́ mọ́ láyé."